Lẹ́tà ṣíṣí sí Alága Ìjọba Ìbílẹ̀ wa lórí afárá onígi ojú ọ̀nà oko: Òpó ló ń jẹrà, pákó lẹ pààrọ̀

Sí Alága Ìjọba Ìbílẹ̀ wa àti gbogbo àwọn kánsẹ́lọ̀ tí ẹ jọ ń ṣe ìjọba,

Okun o, ẹ̀yin àgbà. Ẹ kú iṣẹ́ ìlú.

Ọ̀rọ̀ afárá onígi tó wà lójú ọ̀nà oko wa ni mo torí rẹ̀ kọ ìwé yìí, mo sì kọ ọ́ ní gbangba nítorí pé gbogbo ẹni tó ń gba orí afárá náà kọjá ló yẹ kó mọ ohun tí mo rí lábẹ́ rẹ̀. Nínú ẹ̀ẹ̀rùn tó ń parí lọ yìí ni ìjọba ìbílẹ̀ rán àwọn òṣìṣẹ́ wá, tí wọ́n kan pákó tuntun sójú afárá, tí wọ́n sì fi ọ̀dà funfun àti aláwọ̀ ewé kun ọwọ́ rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà ni a gbọ́ pé wọ́n ti ka afárá náà mọ́ iṣẹ́ tó ti parí, pé wọ́n sì ti yọ ọ́ kúrò nínú ètò ìnáwó ọdún yìí. Ìpinnu yìí ni mo ń bẹ̀ yín pé kí ẹ yí padà, nítorí pé ojú afárá nìkan ni wọ́n tún ṣe, ẹsẹ̀ tó gbé e dúró ṣì wà nínú ewu, odò náà kò sì ní dúró dè wá bí òjò bá bẹ̀rẹ̀.

Iṣẹ́ igi ni mo kọ́ àwọn ọmọ nílé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ títí mo fi fẹ̀yìntì, abúlé tó wà ní òdì kejì odò yìí ni wọ́n sì ti bí mi. Nígbà tí mo wálé fún ìsìnkú ẹ̀gbọ́n mi, mo mú òòlù àti ọ̀bẹ, mo sọ̀kalẹ̀ lọ sábẹ́ afárá, mo sì yẹ àwọn òpó rẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan.

1. Òpó mẹ́jọ ló gbé afárá náà dúró, mẹ́rin tò sí apá abúlé, mẹ́rin tò sí apá ọ̀nà ọjà. Bí ènìyàn bá fi òòlù gbá òkè wọn, gbogbo wọn ń dún bí igi tó gbó, tó sì le. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo sọ òòlù náà kalẹ̀ dé ibi tí omi ń gùn dé lásìkò òjò tó sì ń fà sẹ́yìn kúrò níbẹ̀ lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, ohùn mẹ́ta nínú wọn yí padà, wọ́n ń dún bí igi tí inú rẹ̀ ti ṣófo. Mo fi ọ̀bẹ gún àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta níbẹ̀, ọ̀bẹ náà sì wọlé títí dé èèkù láìjẹ́ pé mo lo agbára. Nígbà tí mo fà á yọ, igi tó bá a jáde dúdú, ó rọ̀, mo sì fi ìka méjì lọ̀ ọ́ di ẹrẹ̀. Méjì nínú àwọn òpó wọ̀nyí tẹ̀ lé ara wọn ní apá kan náà, èyí tó túmọ̀ sí pé bí ọ̀kan bá ṣẹ́, ẹni kejì tó yẹ kó gba ẹrù náà lọ́wọ́ rẹ̀ kò lè gbà á.

Kò sí ohun ìjìnlẹ̀ nínú èyí fún ẹnikẹ́ni tó bá mọ igi. Igi tó wà lábẹ́ omi nígbà gbogbo kì í tètè jẹrà, nítorí pé olú tó ń jẹ igi kò lè gbé níbi tí afẹ́fẹ́ kò sí. Igi tó gbẹ dáadáa náà kì í jẹrà, nítorí pé olú yẹn kan náà ń fẹ́ omi. Ibi tí omi ti ń wá tó sì ń lọ, tí igi ń tutù lóṣù díẹ̀ tó sì ń gbẹ lóṣù díẹ̀, ibẹ̀ ni jíjẹrà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí òpó ọgbà fi máa ń ṣẹ́ níbi tó ti kan ilẹ̀ gan-an, tí òkè rẹ̀ àti apá tí a rì mọ́lẹ̀ yóò sì ṣì le. Ẹni tó bá dúró lójú afárá kò lè rí èyí láéláé. Àwọn ará abúlé tó dúró ti àwọn òṣìṣẹ́ náà sọ fún mi pé ẹnikẹ́ni nínú wọn kò sọ̀kalẹ̀ sínú odò, mo sì gbà wọ́n gbọ́, nítorí pé ìtàkùn ọjọ́ pípẹ́ ṣì wé mọ́ àwọn òpó náà, kò sí ibì kan tí wọ́n ti gé e kúrò láti wo ara igi.

2. Pákó tuntun náà kò tó ohun tí a lè gbé ẹ̀mí lé. Arère ni wọ́n lò. Arère jẹ́ igi tó dára fún àjà ilé àti àpótí, mo ti fi kọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ níṣẹ́ nítorí pé ó rọrùn láti rẹ́, ṣùgbọ́n kò sí káfíńtà tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ tí yóò gbé e síta sínú òjò àti ìrì, níbi tí ikán lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Wọ́n tò ó pọ̀ mọ́ra pẹ́kípẹ́kí débi pé omi kò rí ibi kọjá. Pákó àtijọ́ tí wọ́n hú kúrò ní àlàfo tó fẹ̀ tó ìka kan láàrin ara wọn, kì í ṣe pé àwọn tó kọ́ ọ kò mọ bí wọ́n ṣe lè rẹ́ ẹ kó pàdé. Wọ́n fi àlàfo náà sílẹ̀ kí òjò lè ṣàn lọ, kí afẹ́fẹ́ sì máa gba abẹ́ pákó kọjá ni. Ìṣó lásán ni wọ́n fi kàn án mọ́ ìtì igi ìsàlẹ̀, àwọn kan nínú ìṣó náà sì ti ń yọ orí sókè nítorí ìgbòkègbodò ọ̀kadà. Ní ti ọ̀dà, wọ́n kùn ún nígbà tí igi kò tíì gbẹ, èyí sì ń há omi mọ́ inú igi ni. Àwọn àgbà wa bọ̀, wọ́n ní ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o.

Ó yẹ kí n sọ díẹ̀ nípa bí wọ́n ṣe kọ́ afárá náà níbẹ̀rẹ̀, nítorí pé ó fi ohun tó yẹ kí ìjọba ṣe hàn. Nígbà tí a ṣì wà lábẹ́ ìpínlẹ̀ Kwara, kí wọ́n tó dá ìpínlẹ̀ Kogí sílẹ̀ ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹjọ ọdún 1991, ni àwọn bàbá wa ti fi iṣẹ́ àjọṣe kọ́ ọ. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ọjọ́ tirẹ̀, àwọn ìyá wa ń gbé oúnjẹ àti omi wá, àwa ọmọdé sì ń kó àfọ́kù igi jọ. Ìrókò àti apá ni wọ́n gé. Wọ́n bẹ́ gbogbo apá funfun tó wà lẹ́bàá èèpo kúrò, ó ku àárín igi tó pọ́n nìkan, nítorí pé apá funfun yẹn ni kòkòrò máa ń kọ́kọ́ jẹ. Mo rántí dáadáa pé wọ́n fi iná jó ẹsẹ̀ àwọn òpó títí ara wọn fi di èédú kí wọ́n tó rì wọ́n mọ́lẹ̀. Kò sí ẹnjiníà kankan láàrin wọn, owó tí wọ́n ní kò sì tó ohun tí ìjọba ìbílẹ̀ kan ń gbà lóṣù. Síbẹ̀, ìtì igi mẹ́ta tó wà lókè àwọn òpó náà ṣì le títí di òní. Mo gbá wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, n kò rí ibi tó jẹrà nínú wọn.

3. Ilẹ̀ odò ti ń sá lábẹ́ àwọn òpó, ẹ sì mọ ìdí rẹ̀. Ní ìsàlẹ̀ odò, níbi tí kò jìnnà sí afárá rárá, ni àwọn ọkọ̀ típà ti ń kó yanrìn tẹ̀ẹ̀rùn tòjò. Bí a bá gbẹ́ yanrìn níbì kan nínú odò tó ń ṣàn, omi yóò máa fa yanrìn apá òkè wá dí ihò náà, tó fi jẹ́ pé ibi tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn pàápàá yóò máa jìn sí i. Mo rí ẹ̀rí rẹ̀ lára òpó fúnra rẹ̀. Èédú iná tí mo mẹ́nu bà lẹ́ẹ̀kan, tí wọ́n fi jó ẹsẹ̀ òpó kí wọ́n tó rì í, ti bọ́ síta. Ó hàn gbangba báyìí lókè ilẹ̀ odò, ó dúdú yàtọ̀ sí ìyókù igi, gíga rẹ̀ sì tó orúnkún mi. Gbogbo ibi tí ó dúdú yẹn ló ti wà nínú ilẹ̀ rí. Ilẹ̀ tó di òpó mú ti lọ tó bẹ́ẹ̀, pákó tuntun mélòó ni yóò dá a padà?

Àwọn ọkọ̀ típà kan náà ló sì tún ń gba orí afárá kọjá. Àpótí yanrìn tútù kan tí gígùn rẹ̀, ìbú rẹ̀ àti gíga rẹ̀ jẹ́ mítà 1 wúwo tó nǹkan bí tọ́ọ̀nù 2, kò sì sí típà tó ń kó àpótí kan ṣoṣo. Ẹ fi ìwọ̀n irin ọkọ̀ náà kún un. Afárá tí àwọn bàbá wa kọ́ fún ẹlẹ́sẹ̀, kẹ̀kẹ́ àti ọkọ̀ akérò kékeré ni ẹ̀ ń jẹ́ kí ẹrù bẹ́ẹ̀ máa gùn, láìsí pátákó kankan tó sọ ìwọ̀n tí kò gbọdọ̀ kọjá. Ìjọba ìbílẹ̀ ń gba owó lọ́wọ́ àwọn awakọ̀ wọ̀nyí, wọ́n sì ń já ìwé fún wọn. N kò sọ pé kí ẹ má gba owó. Ohun tí mo ń sọ ni pé ẹni tó ń gba owó lórí ẹrù ló yẹ kó mójú tó ọ̀nà tí ẹrù náà ń bà jẹ́.

4. Àwọn tí afárá yìí kàn kì í ṣe ènìyàn díẹ̀ tí a lè fojú fò dá. Ẹ̀yin náà jẹ́ ọmọ ilẹ̀ yìí, ẹ mọ̀ pé láti oṣù Kejì títí dé oṣù Karùn-ún ni kajú máa ń jáde, àsìkò yìí gan-an ni àwọn oníṣòwò ń wá, wọ́n sì ń wo ọ̀nà kí wọ́n tó dá owó. Bí awakọ̀ bá kọ̀ láti gun afárá, ìyàtọ̀ owó náà orí àgbẹ̀ ni yóò já lé. Ti ẹ̀gẹ́ tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé kajú lè dúró nínú àpò, ẹ̀gẹ́ kò lè dúró. Bí a bá ti wú u, láàrin ọjọ́ 2 sí 3 ni inú rẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú, àwọn tó ń ṣe gààrí kò sì ní rà á mọ́. Lásìkò òjò tó kọjá, àwọn obìnrin abúlé wa sọ ẹrù kalẹ̀ lẹ́nu afárá, wọ́n ń fi orí rù ú kọjá díẹ̀díẹ̀, wọ́n sì tún ń sanwó fún ọkọ̀ kejì tó dúró ní òdì kejì, nítorí pé awakọ̀ tó gbé wọn wá wo ìsàlẹ̀ afárá, ó sì kọ̀ jálẹ̀. Awakọ̀ yẹn ṣe ohun tó yẹ kí ẹnjiníà ìjọba ti ṣe.

Àwọn ọmọ ilé ìwé náà ń gbà á lójoojúmọ́, lówùúrọ̀ àti lọ́sàn-án. Aláboyún tó bá ń rọbí lóru, orí afárá yìí kan náà ni wọn yóò gbé e gbà dé ilé ìwòsàn.

5. Iṣẹ́ yìí jẹ́ ti yín lábẹ́ òfin. Àfikún Kẹrin nínú ìwé òfin orílẹ̀-èdè Nàìjíríà ti ọdún 1999 ka ṣíṣe ọ̀nà àti títọ́jú rẹ̀ mọ́ ojúṣe ìjọba ìbílẹ̀. Tẹ́lẹ̀, bí a bá béèrè, wọ́n máa ń sọ fún wa pé owó ìjọba ìbílẹ̀ ń gba àpò ìjọba ìpínlẹ̀ kọjá, kì í sì í kù tó bó ṣe yẹ. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 11 oṣù Keje ọdún 2024, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní orílẹ̀-èdè yìí dájọ́ pé kí owó tó tọ́ sí ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ sọ́dọ̀ wọn tààrà. Ìdájọ́ yẹn fún yín ní agbára, ó sì fún wa ní ẹ̀tọ́ láti wá bá yín ní tààrà. Yàtọ̀ sí èyí, ìpínlẹ̀ Kogí wà lára àwọn ìpínlẹ̀ tó ń kópa nínú RAAMP, ètò ọ̀nà oko tí Báǹkì Àgbáyé wà lára àwọn tó ń kówó sí, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti la ọ̀nà kí irè oko lè dé ọjà. Ìjọba ìbílẹ̀ tó bá kọ̀wé tó mọ́yán lórí, tó fi àwòrán àti àyẹ̀wò ẹnjiníà tì í, ní ohun tó lè gbé síwájú ìpínlẹ̀. Afárá tí ẹ ti kọ sínú ìwé pé ó ti parí kò lè dé irú tábìlì bẹ́ẹ̀. Èyí ni ohun tó dùn mí jù nínú ìpinnu yín: ìwé yẹn ti ti ilẹ̀kùn mọ́ ìrànlọ́wọ́ tó lè wá láti ibòmíràn.

6. Ẹnì kan lè sọ pé owó kò tó, àti pé ọ̀nà mìíràn wà. Ọ̀nà mìíràn wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó yí gba ẹ̀yìn òkè, ọkọ̀ kò sì lè gbà á bí òjò bá ti rọ̀ dáadáa. Àwọn mìíràn láàrin àwọn ọmọ wa tó wà nílùú ńlá ń fẹ́ kí afárá onígi náà wà bó ṣe wà nítorí pé ó lẹ́wà nínú àwòrán, ó sì jẹ́ ìrántí àwọn bàbá wa. Mo gbọ́ wọn, inú mi sì dùn pé wọ́n fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n èmi tí igi jẹ́ iṣẹ́ mi ni mo ń sọ pé afárá kọ̀ǹkéré ló tọ́ sí odò yìí báyìí, pẹ̀lú irú ọkọ̀ tó ń gba orí rẹ̀ àti bí ilẹ̀ odò ṣe ti jìn. Bí a bá fẹ́ ṣe ìrántí, ẹ jẹ́ kí a lo ìtì igi mẹ́ta tó ṣì le yẹn láti ṣe ojú ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ afárá tuntun. Mo sì ń sọ ọ́ síta nísinsìnyí kí gbogbo ènìyàn lè gbọ́: bí ọjọ́ tí a ó tú afárá náà bá dé, igi ìrókò wọ̀nyẹn kò gbọdọ̀ pòórá lọ sí ilé ẹnikẹ́ni. Ti abúlé ni wọ́n.

7. Ohun tí a ń béèrè nìyí. Kí ẹ fi òfin dá típà àti gbogbo ọkọ̀ tó ju ọ̀kadà lọ dúró lórí afárá náà láti ọ̀sẹ̀ yìí, kí ẹ gbé pátákó tí a fi Yorùbá kọ sí ẹnu rẹ̀ méjèèjì, kí ẹ sì fi irin dí i débi tí ọkọ̀ ńlá kò ní lè wọlé. Mo mọ̀ pé èyí yóò ni àwọn tó ń kó kajú lára, nítorí náà ni mo fi ń béèrè pẹ̀lú rẹ̀ pé kí ẹ tún ọ̀nà ẹ̀yìn òkè ṣe fún ìgbà díẹ̀, kí katakata ìjọba ìbílẹ̀ gé e tẹ́jú kí òjò tó bẹ̀rẹ̀.

Kí ẹ rán ẹnjiníà wá, kó sọ̀kalẹ̀ sábẹ́ afárá nígbà tí omi ṣì kéré, kí ẹ sì lẹ àbájáde àyẹ̀wò rẹ̀ mọ́ ògiri sẹkitéríàtì ìjọba ìbílẹ̀ àti ti ilé Baálẹ̀.

Kí ẹ dá kíkó yanrìn dúró nítòsí afárá, lókè àti nísàlẹ̀ odò.

Kí ẹ fi iye owó tí wọ́n ná lórí àtúnṣe yìí hàn wá, pẹ̀lú orúkọ agbaṣẹ́ṣe tó gba iṣẹ́ náà àti irú igi tó wà nínú àdéhùn. Bó bá jẹ́ pé ìrókò ló wà nínú ìwé, tí arère sì wà lórí odò, a fẹ́ mọ̀. Òfin Òmìnira Ìròyìn ti ọdún 2011 fún ará ìlú ní ẹ̀tọ́ láti béèrè irú nǹkan bẹ́ẹ̀, ó sì fún ilé iṣẹ́ ìjọba ní ọjọ́ 7 láti fèsì. A ti fi ìwé ìbéèrè náà ránṣẹ́ lọ́tọ̀, Baálẹ̀ àti àwọn olórí ẹgbẹ́ sì ti fọwọ́ sí i.

Ju gbogbo rẹ̀ lọ, kí ẹ dá afárá náà padà sínú ètò ìnáwó gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ tí kò tíì parí, kí ẹ sì kọ̀wé sí ìpínlẹ̀ lórí rẹ̀.

Àwọn ará abúlé ti pinnu pé àwọn yóò ṣe ìpín tiwọn. Àwọn ọ̀dọ́ yóò gé ìtàkùn àti igbó ẹ̀bá odò kí ẹnjiníà lè rí ara òpó, àwọn olókùúta yóò sì fi òkúta sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ nígbà tí iṣẹ́ bá bẹ̀rẹ̀. Èmi náà ṣì wà nílé. Nígbà tí ẹnjiníà yín bá dé, kí wọ́n béèrè mi lọ́dọ̀ Baálẹ̀. N óò bá wọn sọ̀kalẹ̀, n óò sì fi àwọn òpó mẹ́ta náà hàn wọ́n. Bí wọ́n bá rí i pé mo ṣì í sọ, kí wọ́n kọ ọ́ sínú àbájáde wọn, kí wọ́n sì fọwọ́ sí i.

Èmi ni tiyín nínú iṣẹ́ ìlú,
Olùkọ́ iṣẹ́ igi tó ti fẹ̀yìntì, ọmọ abúlé òdì kejì odò